Nígbà tí àwàdà gbé ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ mì: ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́ àkàndá ọmọ ní Ṣómólú

Ilé ẹ̀kọ́ náà wà ní Ṣómólú, ní àdúgbò tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń ké láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Aládàáni ló ni ín: ilé ilẹ̀ kan tí wọ́n fi pákó pín sí yàrá ìkàwé, tí àgbàlá tóóró kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ ibẹ̀ lé díẹ̀ ní ogún. Púpọ̀ nínú wọn ní autism, tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sísọ àti ìbáṣepọ̀ ṣòro fún ọmọ, àwọn mélòó kan ní Down syndrome, tí wọ́n máa ń bí mọ́ ọmọ, tó sì ń fa ẹ̀kọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, àwọn mìíràn ní cerebral palsy, tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè darí ẹsẹ̀ àti apá rẹ̀ dáadáa, wárápá sì tún ń gbé àwọn kan mọ́ èyí tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ yìí ní tòótọ́ kò ju méjì lọ. Ọ̀kan nínú wọn, tí màá máa pè ní Àǹtí Àgbà, jáde ní Federal College of Education (Special) tó wà ní Ọ̀yọ́, èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1977. Olùrànlọ́wọ́ ni àwọn tó kù: ọmọ tó jáde girama tó ń dúró de JAMB, ìyá ọlọ́mọ tó ti tajà tì, àti ọkùnrin kan ṣoṣo tí gbogbo ọmọ ń pè ní Ańkù. Owó oṣù wọn ò tó nǹkan, kì í sì í tètè dé.

Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tẹ̀lé ara wọn ni mi ò yí.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ yàrá àwọn olùkọ́ níbẹ̀ á rò pé orí wọn ti dàrú. Ọmọ kan gé Àǹtí Àgbà jẹ lápá, ojú eyín hàn níbẹ̀ kedere, bó ṣe ń fi sípíríìtì nù ún ló ń sọ pé, "Ẹ bá mi wá àlùbọ́sà àti yàjì, sùyà ti jinná." Ọmọ kan fi ìgbẹ́ kun ògiri, ẹni tó ń fọ̀ ọ́ ní òun ti mọ iṣẹ́ pẹ́ńtà wàyí, kí àwọn tó ń kọ́lé sí Lẹ́kí máa bọ̀ wá pe òun. Bí owó oṣù bá pẹ́, wọ́n á ní àwọn náà ti di àkàndá ẹ̀dá, kí ẹnì kan bá àwọn forúkọ sílẹ̀ ní LASODA, ilé iṣẹ́ tí ìjọba Èkó fi ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá láti ìgbà òfin 2011. Lọ́sàn-án, tí bọ́ọ̀sì bá ti kó àwọn ọmọ lọ tán, Àǹtí Àgbà á bèèrè pé, "Orí mélòó ló wọlé, orí mélòó ló jáde?" Wọ́n á ní, "Ó pé!" Á ní, "Ẹnikẹ́ni ò kú. Ó yá, kálukú kó lọ kú sílé ara rẹ̀." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé báàgì wọn, ó di ọ̀la.

Ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí lè kórìíra gbólóhùn yẹn. Èmi ò kórìíra rẹ̀. Níbi iṣẹ́ tí ọmọ ti lè sá bọ́ sójú títì, tí oúnjẹ ti lè há a lọ́fun, tí wárápá ti lè gbé e lórí àga, kí orí pé lọ́sàn-án kúrò ní ohun kékeré, àwọn ènìyàn wọ̀nyí ò sì ní ibòmíràn tí wọ́n ti lè sọ ọ́. Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Sigmund Freud, oníṣègùn ọkàn ará Austria, náà rí i. Ní 1927, ó tún fa ìtàn ọ̀daràn kan yọ tí wọ́n ń mú lọ síbi tí wọ́n ti máa yẹgi fún un ní ọjọ́ Ajé, tí ọkùnrin náà sì ní, "Ọ̀sẹ̀ yìí mà kúkú bẹ̀rẹ̀ dáadáa o." Ohun tí Freud rí níbẹ̀ ni pé ọkùnrin náà kọ̀ láti jẹ́ kí ìṣòro tó wà níwájú rẹ̀ gba ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹtí Àgbà kò ka Freud, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ayé ló ń ṣe ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe.

Àwàdà tó wá dá wàhálà sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára ọmọkùnrin kan tó tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Nítorí autism ni wọ́n ṣe mú un wá sílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n wárápá ló ń dẹ́rù ba àwọn olùkọ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé e ní kíláàsì, ó ṣubú lulẹ̀ gbì, ara rẹ̀ gan, ojú rẹ̀ yí sókè, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Àwọn olùrànlọ́wọ́ méjì sá jáde. Ẹ má dá wọn lẹ́bi jù. Ilé tí wọ́n ti dàgbà ni wọ́n ti gbọ́ pé ẹni tí itọ́ oníwárápá bá kàn, ó ti kó o nìyẹn. Ẹlòmíràn sáré lọ mú ṣíbí tó fẹ́ kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Àǹtí Àgbà gba ṣíbí náà, ó sọ ọ́ nù. Ańkù ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní tirẹ̀, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀, ó ká a sábẹ́ orí ọmọ, ó sì yí ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ òun alára ń gbọ̀n. Nígbà tó yá, ọmọ náà dákẹ́, ó mí kanlẹ̀, ó la ojú. Ló bá bọ́ lẹ́nu Ańkù: "Up NEPA!"

Ẹni tó dàgbà ní Èkó kò nílò àlàyé. NEPA ti di PHCN láti 2005, wọ́n sì ti pín in tà fún àwọn aládàáni ní 2013, síbẹ̀ bí iná bá dé, "Up NEPA!" lọmọdé àtàgbà ń ké. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó sá jáde padà wọlé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú wọn. Àǹtí Àgbà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ yẹn, àwọn kan nínú wọn ò ní padà wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Mo gbà á gbọ́.

Ó wá di èdè ilé. Bí wárápá bá gbé ọmọ náà, wọ́n á ní "wọ́n ti mú iná lọ." Bó bá jí, "wọ́n ti dá a padà." Nígbà tí NERC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, wá fi owó kún iná àwọn tó wà ní Band A ní April 2024, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí ogún lóòjọ́ fún, àwàdà náà tún rí oúnjẹ jẹ. Ọ̀sẹ̀ tí ara ọmọ náà bá dá ṣáṣá, Band A ni. Bó bá gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó ti bọ́ sí Band B. Orí WhatsApp ni wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́ sí ara wọn: "Ẹ kú ọ̀sán o, a ti di Band C." "Aago mọ́kànlá ni wọ́n mú un lọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n ti dá a padà." Ẹnì kan fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kan pé, "Ó dà bíi pé ọmọ wa náà ń dúró de alert." Ojú ẹ̀rín rẹpẹtẹ tẹ̀lé ìyẹn. Ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn.

Ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ wà o. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan tí Ọ̀gá, ẹni tó dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, rà fúnra rẹ̀, tó fi okùn so bírò mọ́. Ọjọ́, aago, bó ṣe pẹ́ tó, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, gbogbo rẹ̀ ló ní àyè tirẹ̀ nínú ìwé náà. Ní gbogbo táàmù yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wárápá ọmọ náà wọnú rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì kan náà, tí òun náà ní autism. Kì í fi ẹnu ara rẹ̀ bèèrè omi, ṣùgbọ́n ohun tó bá gbọ́ lè wà nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kó wá jáde lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ohùn ẹni tó sọ ọ́ gan-an. Echolalia ni wọ́n ń pè é nínú iṣẹ́ wa. Ó lè ka ìpolówó ọjà orí rédíò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tó fi dórí ibi tí wọ́n ti máa ń sáré sọ nọ́ńbà fóònù. Àwọn olùkọ́ mọ èyí dáadáa. Àwọn ló ń kìlọ̀ fáwọn òbí rẹ̀ pé kí wọ́n ṣọ́ ẹnu wọn nílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá ọmọkùnrin náà wá mú un fúnra rẹ̀. Kì í sábà ráyè. Ó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà. Wárápá ti gbé ọmọ náà láàárọ̀, ó sì ń sùn lórí ẹní. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ọmọ náà la ojú, ó dìde jókòó. Ọmọbìnrin náà pàtẹ́wọ́, ó sì ké é, ohùn Ańkù lẹ́nu ọmọ ọdún méje: "Up NEPA! Wọ́n ti dá a padà! Band C!"

Ìyá gbójú sókè wo gílóòbù. Iná ò sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ibo ni iná ọ̀hún wà, ọmọ mi?" Ọmọbìnrin náà rìn wá, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ọmọkùnrin náà lórí, ó tún ké é: "Up NEPA!"

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Àǹtí Kékeré, olùrànlọ́wọ́ tí kò tíì pẹ́ níbẹ̀, bú sẹ́kún, ẹkún yẹn ló sì tú àṣírí. Ìyá wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti ń dúró de èébú. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀yin àǹtí, ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n mú iná lọ lóṣù yìí?"

Wọ́n rò pé ó ń fi ọ̀rọ̀ gún wọn ni. Ó ń bèèrè ni. Gbogbo ìgbà tó bá gbé ọmọ lọ sí kílíńíìkì ni dókítà máa ń bi í ní ìbéèrè yẹn, kì í sì í rí nǹkan sọ, nítorí Ìkẹjà ló máa ń wà lọ́sàn-án. Àǹtí Àgbà ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, á máa tó... ó pọ̀ díẹ̀." Ọ̀gá gbé ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ wá. Ìyá ka ìlà méjì tó wà nínú rẹ̀, ó pa á dé, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún ọ̀pọ̀ olùkọ́, mo sì ti rí i pé wọ́n máa ń sáré kọjá ibí yìí. Wọ́n fẹ́ mọ bóyá ìyá náà gbé wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìbéèrè tó bi wọ́n ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá yẹn ló ti rí wárápá náà, tí wọ́n ti fi ṣe àwàdà, tí wọ́n mọ ọ̀sẹ̀ tó burú àti èyí tó dára, síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè dáhùn. Àwàdà ti ṣe iṣẹ́ tí ìwé yẹ kó ṣe. Tí ènìyàn bá ti rẹ́rìn-ín sí nǹkan tán, ó máa ń ṣe é bíi pé òun ti bójú tó o.

Ẹ̀rù ba Ọ̀gá. Ó ronú kan LASODA, ó ronú kan òfin ìjọba àpapọ̀ tí Ààrẹ buwọ́ lù ní 2019, èyí tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rẹ́ àkàndá ẹ̀dá jẹ. Nǹkan kan tún wà tó jinlẹ̀ jùyẹn lọ. Ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà ní Ìjẹ̀bú, ó sì kọ́ ọ pé arọ, abuké àti àfín, ẹni òrìṣà ni gbogbo wọn, ẹni tó bá fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, Ọbàtálá tó mọ wọ́n ló ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Kristẹni ni Ọ̀gá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yẹn ò kúrò lára rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìwé ti wà lára ògiri: kò sí ẹ̀fẹ̀ mọ́ nílé ẹ̀kọ́ yìí, ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ kó máa lọ sílé. Ó yí gírúùpù WhatsApp padà tó fi jẹ́ pé òun nìkan ló lè fi nǹkan ránṣẹ́ síbẹ̀.

Èso òfin náà ò pẹ́ jáde. Yàrá àwọn olùkọ́ dákẹ́ lọ gbáà. Wọ́n kó ara wọn lọ sọ́dọ̀ màmá tó ń ta ìrẹsì níwájú títì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Gírúùpù mìíràn hù tí Ọ̀gá ò sí nínú rẹ̀, àwàdà ibẹ̀ sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí inú ti ń bí wọn: ìyá ọmọ náà wọ̀ ọ́, ọmọbìnrin náà wọ̀ ọ́, wọ́n ń pè é ní "aṣojú ìròyìn." Ẹ̀jẹ̀ Àǹtí Àgbà ru, wọ́n ní kó lọ sinmi nílé. Ańkù ò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn rí i lọ́jọ́ kan ní Fádèyí lórí máṣíìnì, àpótí dispatch wà lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tó tiẹ̀ bà mí lẹ́rù jù ni ti ìwé ìṣẹ̀lẹ̀. Wọ́n ti wá ń kọ ọ́ lójoojúmọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé sì dára. Mo kà á. "Ọmọ náà sinmi díẹ̀ lẹ́yìn eré ìdárayá." "Ara ọmọ náà ṣe é bákan, ó sì padà bọ̀ sípò." Kò sí aago, kò sí iye ìṣẹ́jú, kò sí wárápá. Wọ́n gbà pé ohun tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn kọ ni wọ́n máa fi mú wọn. Nígbà tí àwàdà wà, wọn ò kọ ohunkóhun. Nígbà tí wọ́n lé àwàdà lọ, irọ́ ni wọ́n ń kọ.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà tí Ọ̀gá pè mí. Iṣẹ́ mi ni láti máa wo bí irú àwọn ilé ẹ̀kọ́ yìí ṣe ń tọ́jú òṣìṣẹ́ wọn. Ó fẹ́ kí n wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún wọn lórí ìwà ọmọlúàbí. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n àwàdà yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́, gbogbo rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gan-an, kí Ọ̀gá sì fi wá sílẹ̀ fún ọ̀sán kan.

Wọ́n jókòó, wọ́n di ọwọ́ mọ́ àyà. Àǹtí Àgbà tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò sì dùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá kọ́ wa, ẹ ti fọ ìgbẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lára ògiri rí? Wọ́n ti fa irun tu lórí yín rí? Bí mi ò bá rẹ́rìn-ín, màá bú ọmọ náà. Bí mi ò bá bú u, màá nà án. Ẹ mú èyí tó bá wù yín níbẹ̀."

Mi ò bá a jiyàn. Láti 1981 tí Christina Maslach àti Susan Jackson, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti gbé òṣùwọ̀n àárẹ̀ iṣẹ́ wọn jáde, ohun mẹ́ta la ti ń wò lára òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ ti fẹ́ pa: pé ó ti rẹ̀ ẹ́ débi tí kò ní ohun kan tó kù láti fún ẹlòmíràn, pé ó ti ń wo àwọn tó ń tọ́jú bí ohun èlò lásán, àti pé iṣẹ́ tó ń ṣe ò já mọ́ nǹkan kan lójú ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ alábòójútó tó bá gbọ́ irú àwàdà yìí á sáré fọwọ́ sí èkejì: àánú ti tán lójú wọn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ nípa "Up NEPA," ìdí mi ò sì ju ṣẹ́ẹ̀tì Ańkù lọ. Ẹni tó dá àwàdà náà sílẹ̀ ni ẹni tó bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀ sábẹ́ orí ọmọ.

Mo wá bi wọ́n bóyá àwàdà kan wà tí ìyá èyíkéyìí nínú wọn ò ní gbà kí wọ́n fi ọmọ tirẹ̀ ṣe. Wọ́n wo ilẹ̀. Àǹtí Kékeré sọ ti dírẹ́bà bọ́ọ̀sì. Ọmọ kan tó ní Down syndrome máa ń yọ ahọ́n síta, dírẹ́bà sì máa ń sọ pé kí wọ́n so okùn mọ́ ọn lọ́rùn kó lè máa bá wọn ṣọ́ géètì. Àwọn náà ti rẹ́rìn-ín sí i rí, ẹ̀rín ẹnu lásán. Dírẹ́bà yẹn ò nu itọ́ ọmọ náà rí, ẹ̀rù ọmọ náà ò bà á rí, kò sì sí ohun kan tó wúwo lọ́kàn rẹ̀ tí ẹ̀rín náà gbé kúrò. Ẹ̀gàn gidi nìyẹn. Mo ní kó dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà, Ọ̀gá sì rí sí i kí bọ́ọ̀sì tó gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ti "Up NEPA" ṣòroó dá ẹjọ́ rẹ̀ báyẹn.

Mo bèèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ WhatsApp àtijọ́ ṣì wà lórí fóònù rẹ̀. Gbogbo wọn ni. Mo ní kí wọ́n wá "NEPA" àti "Band" nínú rẹ̀, kí Àǹtí Kékeré máa kà, kí Àǹtí Àgbà máa kọ. Ojú kọ́kọ́ tì wọ́n, wọ́n ń fo àwọn gbólóhùn kan. Nígbà tó yá, wọ́n gbàgbé pé mo wà níbẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn: "Rárá o, ẹ̀ẹ̀mejì ni lọ́jọ́ yẹn, mo rántí pé òjò ń rọ̀, a ò sì rí i gbé jáde." Gbogbo àwàdà ló ní ọjọ́, gbogbo rẹ̀ ló ní aago, fóònù ti bá wọn kọ ọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tí ìwé wọn ò ju ìlà méjì lọ ti ní àkọsílẹ̀ wárápá ọmọ náà fún oṣù mẹ́ta, tó fi mọ́ iye ìṣẹ́jú níbi púpọ̀.

Wọ́n fi bírò pupa sàmì sí i lórí kàlẹ́ńdà ògiri. Àǹtí Kékeré ló kọ́kọ́ rí i. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù mọ́ féfé. Láti nǹkan bí ogúnjọ́, àmì pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù mọ́ra. Oṣù kejì, bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹta, bẹ́ẹ̀. Àǹtí Àgbà wò ó títí, ó wá kọjú sí èmi, ó ní, "Owó oṣù ni." Ẹni tó ń jẹ irú owó oṣù tí ìyá náà ń jẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún òun. Gbólóhùn tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, pé ọmọ náà ń dúró de alert, òótọ́ ni látòkè délẹ̀.

Wọ́n pe ìyá. Ọ̀gá ló tọrọ àforíjì, ní kúkúrú, kò wí àwáwí. Lẹ́yìn náà ni Àǹtí Àgbà gbé kàlẹ́ńdà síwájú rẹ̀. Ìyá jẹ́wọ́ láìjanpata. Bí owó bá ti wọlé, á lọ sí Ìdúmọ̀tà ra oògùn wárápá tí yóò lo oṣù kan. Láti àárín 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, tí GSK, ilé iṣẹ́ apoògùn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún kéde ní August ọdún náà pé àwọn ń kó ọjà àwọn kúrò ní Nàìjíríà, owó oògùn tó ń ti òkè òkun wá kò gbójú wẹ̀yìn mọ́. Iye tó ń ra oṣù kan tẹ́lẹ̀ kò dé ìparí oṣù mọ́. Bó bá ti ku bí ọjọ́ mẹ́wàá, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ pín hóró oògùn sí méjì kó lè délé oṣù. Ó rò pé ìdajì sàn ju òfo lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé bí oògùn wárápá bá dín kù lójijì nínú ara, ó lè fa wárápá tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó sì gbé ọmọ láìdáwọ́ dúró.

Ó mú kàlẹ́ńdà náà lọ sí kílíńíìkì. Dókítà pa oògùn dà sí èyí tí agbára ìyá náà ká láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dé òpin, ó sì ní kò gbọdọ̀ pín in mọ́ láìsọ fún òun. Wárápá náà dín kù gan-an. Kò tán.

Ohun tí wọ́n yí padà nílé ẹ̀kọ́ náà ò pọ̀. Aago ńlá kan wà lókè báyìí níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i, ìwé sì wà lábẹ́ rẹ̀: aago tó bẹ̀rẹ̀, aago tó dáwọ́ dúró, yí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́, má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, má dì í mọ́lẹ̀, bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé ìwòsàn ni. Àǹtí Àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà kan kún un: "Kọ ọ́ kó o tó fi rẹ́rìn-ín." Ẹni tó bá dúró ti ọmọ nígbà tí wárápá gbé e máa ń jáde lọ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹlòmíràn á dúró fún un. Mo ka èyí sí ohun tó ṣe pàtàkì ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ èyíkéyìí tí mo lè ṣe fún wọn lọ, nítorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn gan-an ni "Up NEPA" ń bá wọn wá látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá yọ ìwé òfin rẹ̀ kúrò lára ògiri. "Orí mélòó ló wọlé?" ti padà, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì á ti lọ kí wọ́n tó sọ ọ́. Wọ́n ti mọ̀ wàyí pé ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ìyá ọmọ náà ti ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Àǹtí Àgbà lálẹ́ ọjọ́ Àìkú: "Band A láti Ọjọ́bọ̀, ẹ bá wa dúpẹ́." Àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ rò pé ó ti fún àwọn láyè nìyẹn láti máa bá àwàdà náà lọ. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún un. Òun ló ń jí lóru, òun ló ń ná owó Ìdúmọ̀tà, tirẹ̀ ni ẹ̀rín yẹn. Wọ́n lè bá a rín in nígbà tó bá rín in, kí wọ́n má fi ẹnu tiwọn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan ò yanjú. Owó oṣù àwọn olùrànlọ́wọ́ ò kúrò níbi tó wà. Ọ̀gá pe Ańkù. Ó dúpẹ́, ó bèèrè ọmọ náà, ó ní dispatch ń mówó wọlé ju kíláàsì lọ, kò sì padà. Gírúùpù tí Ọ̀gá ò sí nínú rẹ̀ ṣì wà, mo sì rò pé ó yẹ kó wà. Ọmọbìnrin náà ṣì ń ké "Up NEPA!" sí ẹnikẹ́ni tó bá dìde nílẹ̀, títí kan pásítọ̀ tó wá gbàdúrà fún wọn ní ìparí ọdún.

Ohun tí mo ti ṣe yàtọ̀ látìgbà yẹn ni pé tí mo bá wọ ilé ẹ̀kọ́ tuntun, mi ò kọ́kọ́ béèrè ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ mọ́. Àwàdà ni mò ń béèrè. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń gbé ìwé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí n wo ohun tó wà nínú èyí tí kò sí nínú ìkejì. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Agége, ìwé wọn mọ́ tónítóní, wọ́n ní kò sí ìṣòro kankan lọ́dọ̀ àwọn. Mo bèèrè ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọ́n wojú ara wọn, ẹnì kan ní, "Ẹ sọ ti Tyson fún wọn." Mo bèèrè ẹni tó ń jẹ́ Tyson, ẹni tó ti gé jẹ, ọjọ́ wo, aago mélòó, kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gé e jẹ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fóònù.